Ojú Ìbídùn Tí Mo Fi Gbogbo Ọjọ́ Ayé Mi Kùn

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ máa ń yà sọ́dọ̀ mi ní Kàbbà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Sọ́ńdè, tí ẹ ń sọ pé, "Màmá, a fẹ́ kọ́ mekọ́ọ̀pù," ẹ jókòó dáadáa kí n sọ fún yín. Ẹ yéé wo àwòrán àwọn eléré tí mo gbé kọ́ sára ògiri. Kì í ṣe ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìyàwó tí ẹ̀yin ń kùn lójú lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ fẹ́ kí ó rẹwà ju bí Ọlọ́run ṣe dá a lọ ni. Iṣẹ́ tèmi yàtọ̀. Àwọn eléré ni mo ń kun ojú fún, lórí ìtàgé àti nínú fíìmù, arúgbó ni mo sì sábà máa ń sọ wọ́n dà. Bí ẹ bá fún mi ní àtíkè, èédú àti òwú, mo lè sọ ọmọge di ìyá àgbà kí iṣu tó jinná. Mo ṣe é títí mo fi tọ́ àwọn ọmọ mi yanjú. Ọ̀rọ̀ owó parí síbẹ̀ yẹn. Ẹni tó bá jẹ́ owó ló fẹ́ kọ́kọ́ béèrè, kí ó lọ máa ta sìmẹ́ǹtì.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi, kọfí ló ń gbìn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé nígbà tí ẹgbẹ́ eléré kan wá ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú wa. Mo lọ wò ó, ọkàn mi kò sì bá mi padà wálé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń di ẹrù, ìyá mi tẹ̀lé mi, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ọkùnrin tó ń kun ojú fún wọn ni wọ́n ní kí a rí. Dáúdà lorúkọ rẹ̀, mùsùlùmí ọmọ Ògìdì, ènìyàn kúkúrú tí ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ.

Ìyá mi kí i bí a ti ń kíni nílẹ̀ Òkun wa, ó ní, "Òkun o, bàbá. Ọma mi nìyí. Ẹ má jẹ́ kó ṣìnà."

Ó dáhùn bí a ti ń pe ìyá lọ́dọ̀ wa, ó ní, "Òkun o, Ìyé. Ẹni tó bá ríran kì í ṣìnà. Ṣé ojú rẹ̀ ríran?"

Ẹ̀fẹ̀ la rò pé ó ń ṣe. Kò pẹ́ tí mo fi mọ̀ pé kò ṣe ẹ̀fẹ̀ rárá. Ọ̀gá Dáúdà kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan àtíkè fún ìgbà pípẹ́. Ìlú yòówù kí a dé, ọjà ló ń rán mi lọ, pé kí n lọ wo àwọn arúgbó. Bí mo bá padà dé, á ní kí n sọ ọ̀kan fún òun. Níbo ni ojú rẹ̀ ti hunjọ? Èwo ló jìn jù níbẹ̀? Ẹ̀gbẹ́ wo ló fi ń jẹun? Lọ́jọ́ kan mo dáhùn pé gbogbo ojú ìyá náà ló hunjọ. Ó ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀.

"Gbogbo ojú? Ṣé aṣọ tí wọn kò lọ̀ ni? Padà lọ, kí o lọ wò ó dáadáa!"

Mo padà lọ lóòótọ́, ebi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí kú lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀gá Dáúdà kò mọ nǹkan kan tó ń jẹ́ ẹ̀sọ̀, síbẹ̀ èmi tó mú kò bàjẹ́.

Nígbà tó wá gbà kí n máa kùn, òfin kan ló fún mi. Kí n tó fa ìlà kankan sójú eléré, mo gbọ́dọ̀ ní kí ó rẹ́rìn-ín. "Ibi tí ẹ̀rín bá ti tẹ ojú, ibẹ̀ ni ọjọ́ ogbó máa gbà kọjá," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bí mo bá fa ìlà síbi tí ẹ̀rín kò dé, á fi ìdí búrọ́ọ̀ṣì gbá mi níka, á bu òrí, á nu gbogbo rẹ̀ kúrò, ó di kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Àwọn eléré á máa ráhùn pé ojú ń ta wọ́n. Kò kan Ọ̀gá Dáúdà.

Inú ẹgbẹ́ náà ni mo ti bá Ìbídùn pàdé. Ọmọ Makutu ni, ní ilẹ̀ Yàgbà, ẹgbẹ́ mi ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì kún. Ìlà Yàgbà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì, mẹ́ta-mẹ́ta, gbogbo rẹ̀ parí sí igun ẹnu. Àwọn ọkùnrin inú ẹgbẹ́ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé irùngbọ̀n ológbò ló ní. Òun náà á sì ké bí ológbò sí wọn létí. Nígbà náà, àwọn ọmọbìnrin yòókù kì í fẹ́ ṣe arúgbó nínú eré. Wọ́n ní ọkùnrin kò ní wá bá wọn. Ìbídùn nìkan ló nàka sókè.

Ó ní, "Kí ló wà níbẹ̀? Ṣé arúgbó ń ràn ni?"

Ojú rẹ̀ ni Ọ̀gá Dáúdà fi dán mi wò. Mo ní kí ó rẹ́rìn-ín. Háà! Ẹ̀rín náà gba ojú ìlà Yàgbà wọlé bí omi tó bá ọ̀nà rẹ̀ pàdé. Ìlà tí mo rò pé ó máa dí mi lọ́wọ́, òun gan-an ló tọ́ mi sọ́nà. Nígbà tí mo parí, Ọ̀gá Dáúdà wò ó, ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ìyìn ńlá nìyẹn lẹ́nu rẹ̀. Ìbídùn gba dígí, ó wo inú rẹ̀ pẹ́, ó sì rọra kúnlẹ̀ díẹ̀ sí ojú tó rí níbẹ̀, ó ní, "Òkun o, Ìyé." A rẹ́rìn-ín. Èmi rò pé ó ti bẹ̀rẹ̀ eré ni.

Láti ìgbà yẹn ni kò ti sí arúgbó mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé eré wa, wàhálà dé. Bí Ìbídùn bá wọ ọjà Kàbbà, àwọn tó lè bí i lọ́mọ á dìde fún un ní àpótí, wọ́n á kúnlẹ̀ kí i, wọ́n á ní kí ó gbàdúrà fún wọn. Ó ń gbàdúrà náà fún wọn o! Nígbà tí olùkọ́ kan láti Ẹ̀kìnrìn-Àdé fẹ́ gbé e níyàwó, ìyá ọkọ figbe bọnu pé, "Ṣé ẹgbẹ́ mi lo fẹ́ gbé wọlé wá bá mi ni?" Ó di ọjọ́ tí ó fojú kàn án kí ara rẹ̀ tó balẹ̀. Ìyanu ibẹ̀ ni pé nígbà tí Ìbídùn wá dàgbà lóòótọ́, àwọn ènìyàn ní kò yí padà. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n látijọ́ nìyẹn. Lóde ìgbéyàwó kan, ọmọdébìnrin kan tiẹ̀ na ọwọ́ síwájú orí rẹ̀ láti mọ̀ bóyá àtíkè ni. Ìbídùn tẹrí ba fún un, ó ní, "Fọwọ́ kàn án dáadáa, ọma mi. Ojúlówó ni."

Bí ìtàgé ṣe di fíìmù, irinṣẹ́ wa náà yí padà. Lórí ìtàgé, jìnnà ni wọ́n ti ń wò yín, ẹ lè fi èédú fa ìlà tó tó ìka. Kámẹ́rà kì í gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀ ni mo tún kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn olùdarí eré láti ìlú ńlá tún ní kí n máa fi ìpara tó ki bo ìlà ojú Ìbídùn, pé ó ti di ohun àtijọ́. Ojú tì mí, èmi tí mo ń bò ó. Òun kò bínú. Ó ní, "Bò ó, Bọ́lá. Mo mọ̀ pé ó wà lábẹ́ ibẹ̀."

Àjálù kan ṣoṣo ló ṣẹlẹ̀ níbi iṣẹ́ mi tí mo ṣì ń lá àlá rẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń náwó sí eré ló gbé àlẹ̀mọ́ kan dé. Ó ní àwọn òyìnbó ló ń lò ó. Wọ́n á fi pa ojú, bó bá gbẹ, awọ á hunjọ bíi ti arúgbó, kò sí pé à ń fa ìlà mọ́. Mo gbé e símú, ó ń rùn bí èyí tí àwọn aránbàtà fi ń lẹ bàtà. Mo ní n kò jẹ́ fi sójú ènìyàn. Ó ní bí n kò bá fi sí i, òun fúnra òun á fi sí i. Ìbídùn ní kí ó máa bọ̀, oòrùn ń lọ. Ó fi pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ibẹ̀ fi pọ́n, tó wú, nígbà tí a sì ń ṣí àlẹ̀mọ́ náà kúrò, awọ tẹ̀lé e. Igbe tí ó ké lọ́jọ́ náà, Ọlọ́run má jẹ́ kí n gbọ́ irú rẹ̀ mọ́.

Èmi ni mo jókòó tì í ní ilé ìwòsàn. Nígbà tí ara rẹ̀ ń balẹ̀, dókítà kan tó fẹ́ràn eré rẹ̀ wá bá a. Inú rere ló fi wá. Ó ní iṣẹ́ abẹ kan wà tí wọ́n ń ṣe ní ìlú ńlá, tí wọ́n á fi mú àpá náà kúrò, kódà, wọ́n lè bá a yọ ìlà náà pátápátá, kí ojú rẹ̀ máa dán bí ti ọmọ ọwọ́. Ọkùnrin alálẹ̀mọ́, tí ẹ̀rù ti bà, ní òun á san án.

Ìbídùn fi ìka tọ ìlà ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun. Àpá yìí, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ kó jinná. Ṣùgbọ́n ìlà yìí, orí itan Ìyé mi ni mo wà nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló kú, ọmọge tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jẹ ayé. Kò sí fọ́tò rẹ̀ kankan nílé wa. Gbogbo Makutu ló ní ojú rẹ̀ ni mo gbé wá. Bí mo bá fẹ́ mọ bí Ìyé mi ì bá ṣe rí ká ní ó dàgbà, inú dígí nìkan ni mo ti lè rí i. Ẹ má bá mi fọ́ dígí náà."

Èmi náà wá mọ̀ pé kì í ṣe eré ló ń ṣe lọ́jọ́sí tó kí ojú inú dígí. Mo jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sunkún tó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ọ̀gá Dáúdà kú, ọkọ Ìbídùn náà kú, Ìbídùn sì ń gbé ilé ọkọ rẹ̀ ní Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ó ń gbin ẹ̀wà. Kámẹ́rà tuntun dé tó ń ka irun ara ènìyàn. Àwọn eléré tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ń lọ sókè òkun, wọ́n ń padà wá pẹ̀lú ojú tó dán. Lórí fóònù, àwọn ọmọ tí kò mọ nǹkan kan ń kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán Ìbídùn pé ìyá yìí ti gbó jù, pé kí ó lọ tún ojú rẹ̀ ṣe. Arúgbó ṣoge rí, àkísà lògbà rí, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún wọn?

Ìgbà náà ni Káyọ̀dé wá. Ọmọ Ìyàrá ni, olùdarí eré, ọmọ tó gbọ́n tó sì lọ́wọ̀. Ó ti kọ eré kan tí wọ́n máa yà ní ilẹ̀ Òkun níbí. Ìtàn obìnrin kan ni, láti ìgbà tó ń tọ́ ọmọ títí di ìgbà tó fi gbó kùjọ́kùjọ́. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó wá sí Ẹ̀kìnrìn-Àdé, mo sì rí bí ojú Ìbídùn ṣe tàn. Ẹ jẹ́ kó yé yín o. Láti ìgbà ọmọge wa ló ti ń ṣe ìyá ẹlòmíràn nínú eré. Igun ilé ló máa ń jókòó sí, á súre fún ọkọ ìyàwó, á kú kí eré tó dùn. Kò tíì sí ẹni tó fún un ní ìtàn tó jẹ́ tirẹ̀ rí, ó sì ti ń lọ sí ìrọ̀lẹ́.

Káyọ̀dé wá fọwọ́ ra ẹsẹ̀. "Ìyá mi, ohun kan ló kù. Apá ìbẹ̀rẹ̀, obìnrin náà ṣì kéré. Dókítà kan wà tí yóò fa ojú yín díẹ̀. Díẹ̀ péré ni. Àwọn tó ń náwó sí i ti gbà láti san án. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n ní kí n wá ẹlòmíràn."

Ìbídùn wò ó títí. "Káyọ̀dé, obìnrin tó jìyà títí tó fi gbó lo kọ ìtàn rẹ̀. O wá ní kí n lọ nu ìyà kúrò lójú kí n tó bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ má bínú, mà. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣe é."

"Ẹni tó ṣe é, mi è bá a wí rárá. Ojú oníkálukú ló fi ń jí láàárọ̀. Tèmi lo ń wò yìí. Bí ó bá wúlò fún ọ, mo wà nílé."

Nígbà tí ọkọ̀ Káyọ̀dé lọ tán, ó jókòó sórí àpótí, ó ń pa ẹ̀wà, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Bọ́lá, mo fẹ́ eré náà o. Mo fẹ́ ẹ gan-an ni."

Mo ní, "Lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà nígbà náà. Ta ló máa nà ọ́?"

Ó ní, "Bí mo bá lọ ṣe é, ta ló máa wá ṣeré náà?"

Ìyá yìí le! Mo ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà èwe, síbẹ̀ ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Wọ́n mú Ṣadé. Ẹ má fi ṣe yẹ̀yẹ́, eléré gidi ni, ó sì níwà. Ó ti lọ tún ojú rẹ̀ ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ó rẹwà bí ọmọge. Èmi ni wọ́n pè láti kùn ún. Ní abúlé kan lẹ́yìn Ìkòyí ilẹ̀ Òkun wa níbí ni a ti dán an wò. Apá ọ̀dọ́ dùn, gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Ó wá kan apá ogbó. Mo ní kí ó rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó dùn, ohùn rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò mira. Mo ní kí ó sunkún, bákan náà ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì fa ìlà. Bó bá ti la ẹnu sọ̀rọ̀, ìlà mi á dúró gbagidi síbi tí mo fà á sí, bí èyí tí ọmọdé fi èédú fà sára ògiri. Mo nù ún, mo tún un fà, títí apá mi fi ń ro mí.

Ṣadé fúnra rẹ̀ wo àwòrán tí kámẹ́rà yà. Ó ní, "Màmá, ẹ sinmi. Kì í ṣe ẹ̀bi ọwọ́ yín." Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, "Wọ́n ní bí n kò bá ṣe é, n kò ní ríṣẹ́ mọ́. Mo ṣe é, iṣẹ́ dé. Èyí tí mo fẹ́ jù ni ojú mi kò gbà."

Mo fà á mọ́ra. Kò sí bí mo ṣe lè dá a lẹ́bi. Bí a bá ń pọ́n ènìyàn lójú báyẹn, ta ló lè fọwọ́ sọ̀yà?

Káyọ̀dé padà sí Ẹ̀kìnrìn-Àdé, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú oko ẹ̀wà. Ìbídùn kò yọ̀ ọ́. Ìbéèrè kan ló bi í, "Ṣadé ńkọ́? Bí ẹ bá lé e, mi è wá." Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Ṣadé ṣe ìgbà èwe obìnrin náà, Ìbídùn gba ìgbà ogbó rẹ̀. Kí àwọn méjèèjì lè jọ ara wọn, wọ́n ní kí n kun ìlà Yàgbà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ṣadé. Ẹ gbọ́ o, ìlà tí wọ́n ní kí n máa bò látijọ́! Ìbídùn jókòó tì mí, ó ń fi ìka tọ́ búrọ́ọ̀ṣì mi, ó sì ń kọ́ Ṣadé bí àwọn obìnrin Yàgbà ṣe ń rìn bí wọ́n bá ru igi. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín bí ìyá àti ọmọ.

Ọjọ́ tí a ya ìparí rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́. Nínú eré náà, ọmọ obìnrin náà, tó ti sá nílé láti kékeré, padà dé, irun orí rẹ̀ ti funfun. Ìyá rẹ̀ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Kò ní ọ̀rọ̀ kankan láti sọ. Ó gbọ́dọ̀ fi ojú nìkan mọ ọmọ rẹ̀. Mo gbé àtíkè tọ Ìbídùn lọ bí mo ṣe máa ń ṣe, ó gbá mi lọ́wọ́ mú.

"Bọ́lá, gbé e sílẹ̀. Láti ìgbà tí a ti jọ ń bọ̀, o kò wo eré mi rí. Àtíkè lò ń wò, bóyá ó ń ṣàn. Jókòó lónìí."

Òótọ́ ni. Mo wá ibì kan jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ọwọ́ mi ṣófo, n kò mọ ibi tí n ó fi í sí. Ọkùnrin náà ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Ìbídùn ń wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo àlejò. Lẹ́yìn náà nǹkan kan mì ní igun ẹnu rẹ̀, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè, ó kọjá lórí àpá àjálù yẹn, ó dé ojú. Kò ké, kò na ọwọ́. Gbogbo ọdún tí kò rí ọmọ náà jáde síta lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì ń rí i. Ojú lọ̀rọ̀ wà, wọ́n ti ń sọ ọ́ fún wa tipẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ṣadé di apá mi mú, òun náà ń sunkún.

Nígbà tí Káyọ̀dé ní ó tó, ó pè mí pé kí n wá tún ojú Ìyá ṣe, kí àwọn lè yà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo dìde, mo dé iwájú rẹ̀, mo wò ó dáadáa, n kò sì rí nǹkan kan tí mo fẹ́ tún ṣe níbẹ̀. Mo sọ fún Káyọ̀dé pé iṣẹ́ mi ti parí, mo sì ń lọ sílé. Ìsinmi ló rò pé mo fẹ́ gbà, kò mọ̀ pé mo gbé iṣẹ́ sílẹ̀ ni. Ojú tí mo ti ń kùn láti ìgbà ọmọge mi, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.